Ṣé owó ìgò àti páálí wà nínú owó-orí ẹ̀sáìsì lórí sóbò mi?

Oníṣóbò, Ìkòròdú
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ owó-orí ló gbé mi wá. Sóbò aláta ilẹ̀ tó ní ṣúgà ni mò ń ṣe ní Ìkòròdú níbí. Ó ti kọjá ohun tí à ń tà nínú kúlà, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Ṣábó ń gbà á ní páálí-páálí. Mo fẹ́ to ìwé mi dáadáa kí n tó gba àyè sí Odogunyàn. Ẹni tó ń bá mi ṣírò owó wá ní kí n ka iye ìgò, ìdérí, lébẹ́ẹ̀lì àti páálí mọ́ iye sóbò kí n tó yọ owó ẹ̀sáìsì, ìyẹn owó-orí lórí ọjà tí a ṣe nílé. Ẹ gbà mí o! Ìgò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Mo sì tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ èyí tó máa wà nínú ìgò gíláàsì, tí oníbàárà yóò máa dá padà. Báwo la ṣe ń ṣe é?

Akọ̀wé owó, Ẹ̀pẹ́
Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí ẹ tó béèrè bóyá ìgò wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fi ń wọn owó-orí náà. Òfin ìnáwó ọdún 2021 fi ₦10 sórí lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn tí kò ní ọtí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbà á ní 2022. Kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń gbà á. Lítà ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka náírà tí ẹ tà á. Ìgò 50cl jẹ́ ìdajì lítà, ₦5 nìyẹn, yálà nínú pílásítíìkì ni o tàbí nínú gíláàsì olówó gọbọi.

Bí ti ọtí náà ṣe rí nìyẹn. Kí ó tó di 2018, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọtí ni wọ́n ń gbà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i sí sẹ̀ńtílítà: bíà di 30 kọ́bọ̀ lórí sẹ̀ńtílítà kan ní 2018, ó di 35 kọ́bọ̀ ní 2019. Ìgò bíà 60cl wá ń san ₦21 nígbà náà, ohun yòówù kí ìgò àti lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ná ẹni tó pọn ọ́n.

Ajẹ́ńtì Sẹ̀mẹ̀, Àgbádárìgì
Òótọ́ lẹ sọ, bọ̀dá mi, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àǹtí rò pé ìdìpọ̀ ọjà kì í wọ inú ìṣirò rárá. Ẹ wo sìgá. Láti 2018 sí 2020, wọ́n gba ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀, wọ́n tún gba ₦1 lórí igi kọ̀ọ̀kan ní 2018, tó di ₦2 ní 2019 àti ₦2.90 ní 2020. Apá tó jẹ́ ti iye yẹn ni ìbéèrè nípa páálí ti máa ń di ìjà.

Ọjà tó bá ti òkè òkun wọlé ńkọ́? Ìlànà àjọ ìṣòwò àgbáyé, WTO, lórí bí a ṣe ń díye ọjà sọ ọ́ ní kedere, ní abala kẹjọ: iye ohun ìkó-ọjà tó di ọ̀kan pẹ̀lú ọjà, àti owó ìdìpọ̀, iṣẹ́ àti ohun èlò rẹ̀, a ó kà wọ́n mọ́ ọn bí ẹni tó rà á ló san án tí kò sì tíì sí nínú iye tó san. Nítorí náà, tí ẹ bá ń kó ohun tí ń mú sóbò ta sánsán gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, ẹ má fi owó ìdìpọ̀ rẹ̀ pa mọ́ o.

Oníṣóbò, Ìkòròdú
Ẹ ṣé gan-an. Kí ló wá dé tí oníṣirò mi fi fọwọ́ sọ̀yà pé ìgò wà níbẹ̀?

Ọmọ lọ́yà, Ìkòròdú
Ẹ̀gbọ́n, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ìwé àwọn ará Íńdíà ló kà. Wọ́n ti bára wọn ṣe ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Òfin ẹ̀sáìsì wọn ti 1944 ní tẹ́lẹ̀ pé owó ìdìpọ̀ wà nínú iye ọjà, àyàfi bí ìdìpọ̀ náà bá lágbára tó láti lò lẹ́ẹ̀kan sí i, tí oníbàárà sì máa dá a padà. Ní 1983, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀, nínú ẹjọ́ Bombay Tyre International, sọ pé ìdìpọ̀ tí ọjà nílò kí ó tó dà bí wọ́n ṣe sábà ń tà á fún àwọn olówò ńlá ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ni wọ́n máa kà. Ní July 2000, wọ́n yí òfin náà padà sí iye tí wọ́n ná ọjà gan-an. Láti 2017, GST, ìyẹn owó-orí lórí ọjà àti iṣẹ́, ti gba ipò ẹ̀sáìsì lórí ọ̀pọ̀ jùlọ ọjà wọn. Kò de yín ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgò tó bá oníbàárà lọ àti ìgò tó padà wálé wúlò fún ìwé yín.

Akọ̀wé owó, Ẹ̀pẹ́
Ó sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Àǹtí, lórí sóbò onígíláàsì, ẹ kọ owó ìgò àti owó kíréètì tí oníbàárà fi sílẹ̀ sí ìlà tirẹ̀ lórí rìsíìtì. Owó ẹni tó máa dá ìgò padà ni, gbèsè ló jẹ́ lọ́rùn yín, kì í ṣe èrè. Ìgò pílásítíìkì tó bá oníbàárà lọ ní tirẹ̀, bí ẹ bá tiẹ̀ pín in sí ìlà mẹ́wàá lórí rìsíìtì, ara iye ọjà ni, ṣùgbọ́n lítà náà ni ẹ̀sáìsì sóbò ń wò.

Oníṣóbò, Ìkòròdú
Ó yé mi wàyí. Kí ni kí n mú dání tí mo bá ń lọ bá Kọ́sítọ́ọ̀mù?

Akọ̀wé owó, Ẹ̀pẹ́
Ìwé lítà tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́, ìwọ̀n ìgò kọ̀ọ̀kan, àti rìsíìtì tí ẹ fi ń tà fún àwọn ará Ṣábó. Òfin owó-orí tuntun ti 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n kọ iye tó wà lórí lítà báyìí sínú ìwé fún yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Kí oníṣirò yín tẹ̀ lé yín lọ.