Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ṣé kí n gbin àgbàdo báyìí?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ òjò ló gbé mi wá.

Ẹ̀bá ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ọ̀nà Ìlárá ni oko mi wà. Láti ọjọ́ Ajé ni ojú ọjọ́ ti ń fi mí ṣeré. Ọjọ́ náà, oòrùn mú ganrínganrín, ooru ò jẹ́ ká sùn lóru. Ní Ìṣẹ́gun, òjò ńlá rọ̀ lóko, atẹ́gùn rẹ̀ sì ṣí páànù kan lórí ahéré mi. Mo délé nírọ̀lẹ́, ẹja tí ìyàwó mi sá sóòrùn ti gbẹ! Òjò ò kán sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà rárá. Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, kò sí nǹkan kan. Ní Ẹtì, ó wínni díẹ̀ láàárọ̀, ó dá.

Àwọn kan ti gbin tiwọn. Ẹ̀rù ń ba èmi, torí òjò àkọ́rọ̀ tàn mí jẹ lọ́dún tó kọjá. Mo gbìn níparí oṣù kẹta, ọ̀dá dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tó hù rọ, àparò hú ìyókù jẹ. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, irúgbìn ti wọ́n.) Bí mo bá sì pẹ́ jù, àgbàdo tútù á ti kún ọjà kí tèmi tó gbó.

Òjò mélòó ni ẹ máa ń kà kí ẹ tó gbìn? Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti rin tó? Ẹ̀yin ará Àgbọ̀wá, ṣé òjò ti fìdí múlẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Ìyàwó mi náà ní kí n béèrè bóyá kí òun ṣì máa sá ẹja, àbí kí òun kúkú máa yan án.