Rúbù Catherine Kejì ti ọdún 1774: ṣé fàdákà ni, àbí ayédèrú?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ́pẹ́ẹ̀kì bàbà, owó wẹ́wẹ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni mo ti ń ṣà jọ tẹ́lẹ̀, n kò sì mọ púpọ̀ nípa ti fàdákà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́jà kan ta rúbù kan, ìyẹn owó fàdákà ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fún mi tí orí Ọbabìnrin Catherine Kejì wà lójú kan rẹ̀, tí ẹyẹ idì olórí méjì àti ọdún 1774 sì wà lójú kejì. Ó fi òòfà kàn án níwájú mi, òòfà kò mú un, ó ní ẹ̀rí ti parí nìyẹn. Nígbà tí mo gbé e sórí òṣùwọ̀n nílé, gíráàmù 20.9 ni mo bá. Ṣé kí n dá a padà ni?

Ìdáhùn kìíní

Òòfà kì í mú idẹ, kì í mú bàbà, kì í sì í mú òjé, nítorí náà kò jẹ́rìí sí ohunkóhun. Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, àmọ́ ẹ mọ ìjọba ẹni tí wọ́n tẹ owó náà, torí pé ìwọ̀n rúbù kò dúró sójú kan ní gbogbo ọ̀rúndún yẹn. Rúbù tí Ọba Peter Kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 1704 tẹ̀wọ̀n tó gíráàmù 28. Ti Ọbabìnrin Elizabeth fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 26. Ti Catherine jẹ́ 24, tí 18 nínú rẹ̀ jẹ́ ojúlówó fàdákà, tí ìyókù sì jẹ́ bàbà. Owó tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn lè fi díẹ̀ fúyẹ́ sí i, ṣùgbọ́n gíráàmù mẹ́ta ti pọ̀ jù.

Ìdáhùn kejì

Mo gbà, síbẹ̀ ayédèrú tó pé ìwọ̀n wà. Ẹ fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wo etí rẹ̀ yí po, bóyá ẹ ó rí ìlà tín-ín-rín níbi tí abala méjèèjì mọ́ọ̀dù tí wọ́n da irin yíyọ́ sí ti pàdé, nítorí owó tí wọ́n fi òòlù tàbí ẹ̀rọ tẹ̀ kì í ní irú rẹ̀. Ẹ wo òkè orí ọbabìnrin náà pẹ̀lú: àwọn obìnrin ẹ̀yà Chuvash àti Tatar ní Rọ́ṣíà a máa lu ihò sí owó fàdákà láti fi ṣe ọ̀ṣọ́, àwọn ọlọ́jà a sì dí ihò náà. Èmi ra ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ní iye owó odidi! Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ fi òwú rì owó náà sínú omi láìjẹ́ kó kan ìdí ife. Tí ẹ bá fi iye tí òṣùwọ̀n kà pín ìwọ̀n owó náà, àdàlù fàdákà àti bàbà ti Catherine yóò fún yín ní nǹkan bí 10.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Òṣùwọ̀n ka 2.4, nítorí náà 8.7 ni mo rí, èyí tó sún mọ́ ti idẹ ju ti fàdákà lọ. Títóbi rẹ̀ bá ti ojúlówó mu, ohun tí wọ́n fi ṣe é ni kò bá a mu. Mo sì rí ìlà náà ní etí, wọ́n ti ha á, àmọ́ kò tíì tán. Ọlọ́jà ti gbà láti dá owó mi padà, ṣùgbọ́n ó ní èmi ni n ó san owó ìfiránṣẹ́.