Ẹni tí tramadol gbé ṣubú: ẹ gbé epo pupa sílẹ̀

Ẹni tí tramadol tàbí codeine bá gbé ṣubú, èémí ni wàhálà rẹ̀, kì í ṣe ikùn. Oògùn náà ń kun ibi tó ń darí mímí nínú ọpọlọ lóorun. Epo pupa àti mílíìkì tí wọ́n ń rọ sí i lẹ́nu kì í bá oògùn náà pàdé níbì kankan. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń gbà lọ, torí ọ̀fun ẹni tí kò mọra kò lè dènà. Ní ti omi tútù, àkókò lásán ló ń jẹ.

Ẹ pè é lórúkọ, kí ẹ fi oríkèé ìka ha egungun àárín àyà rẹ̀ gidi. Bí kò bá dáhùn, ẹ tẹjú mọ́ àyà náà fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Bí kò bá gbéra ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tàbí tí ètè ń ṣe bí eérú, mímí ò tó nìyẹn. Ìhanrun tó ń dún bí omi inú ìgò, ẹ má pè é ní oorun.

Ẹ tẹ orí sẹ́yìn, ẹ di imú, ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 5-5. Bí àyà ò bá wú, orí ni ò tẹ̀ sẹ́yìn tó.

Bí naloxone, abẹ́rẹ́ tó ń gba èémí padà lọ́wọ́ irú oògùn yìí, bá wà, ẹ gún 0.4 mìlígíráàmù sí ẹran itan. Abẹ́rẹ́ lè gba orí ṣòkòtò kọjá. Bí kò bá tíì mí dáadáa lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 sí 3, ẹ gún òmíràn. Mímí lẹ ń wá, kì í ṣe kó jókòó sọ̀rọ̀. Bó bá ti ń mí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má bàa há a lọ́fun. Ìṣẹ́jú 30 sí 90 ni agbára abẹ́rẹ́ yìí, tramadol sì ń pẹ́ lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibí gan-an ni wọ́n ti ń ṣìṣe: ó lajú, ó bínú, ó ní òun ń lọ sílé, oògùn tún gbé e lulẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò sí.

Tramadol tún máa ń gbé wárápá dìde, naloxone kì í sì dá ìyẹn dúró. Ẹ má ki síbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ sún àga àti òkúta kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ wo aago. Ọsibítù ló kàn. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e bó ṣe ń gbọ̀n. 400 mìlígíráàmù ni gbèdéke tramadol fún àgbàlagbà lóòjọ́. Hóró oní-mìlígíráàmù 225 tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ńkọ́? Méjì péré ti kọjá a.

Bó bá jẹ́ pé Rohypnol (oògùn oorun) tàbí ọtí ló dà mọ́ ọn, naloxone ò ràn wọ́n. Èémí tí ẹ ń fẹ́ sí i ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ mú páálí oògùn náà dání, kí ẹ sì ka gbogbo ohun tó mu fún wọn, títí kan paraga.