Ṣé ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún lẹ́ẹ̀kan lè fúnra rẹ̀ bí ọmọ kejì?

Bàbá Àwáwù, Ìlọrin: Ẹ kú àpérò o. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba àkọ́bí wa, nítorí pé ìrọbí dúró lójú kan. Oyún kejì ti pé oṣù méje, ìyàwó mi sì fẹ́ fúnra rẹ̀ bí èyí, ṣùgbọ́n ìyá mi ní ẹni tí ọ̀bẹ bá ti kàn, ọ̀bẹ náà ni yóò máa gba ọmọ rẹ̀ lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí sì ni ilé ìwòsàn lè ṣe kí iṣẹ́ abẹ tí kò pọn dandan dín kù?

Agbẹ̀bí, Ọ̀fà: Ọlọ́run yóò sọ̀ wọ́n kalẹ̀ láyọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá wa kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ilé ọmọ ni wọ́n là ní ìbú, tí kò sì sí ìdíwọ́ mìíràn, bí 60 sí 80 nínú 100 obìnrin tí ó bá gbìyànjú rẹ̀ ni ó ń bí lójú ara. Ewu rẹ̀ ni kí àpá inú ya nígbà ìrọbí. Kò wọ́pọ̀, nǹkan bí 5 nínú 1,000, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹlẹ̀, kì í fúnni láyè. Nítorí náà, ibi tí dókítà, ẹ̀jẹ̀ àti yàrá iṣẹ́ abẹ wà tọ̀sán tòru ni kí wọ́n ti bí. Ẹ tún wá àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ ìjọ́sí, torí àpá ara ìkùn kò lè sọ bí wọ́n ṣe la ilé ọmọ.

Ní ti ìbéèrè kejì, orí àkọ́bí ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2018 pé ìgbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ṣí dé sẹ̀ǹtímítà 5 ni ìrọbí ń wọra gan-an, àti pé bí ara ìyá dá, tí ọkàn ọmọ sì ń lù déédéé, kí a má torí pé kò ṣí tó sẹ̀ǹtímítà 1 ní wákàtí kan nìkan gbé obìnrin lọ sórí tábìlì. Mo ti gbẹ̀bí ẹni tí ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ dúró sí sẹ̀ǹtímítà 4 láti àárọ̀, tí ẹbí ti ń pariwo pé kí a là á kíá. A ní kí ó dìde, kí ó máa rìn, kí ó mu omi, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa bá a fọwọ́ ra ìbàdí. Ó bí kí wọ́n tó pe ìrun Ìṣáì.

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán: Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra o. Ìwádìí ìjọba ti 2018 fi hàn pé nǹkan bí 3 péré nínú 100 ìbímọ ní Nàìjíríà ni ti iṣẹ́ abẹ, nítorí náà kì í ṣe pé a ti ń ṣe é jù níbí. Ẹni tí dókítà bá sọ ìdí rẹ̀ fún ní kedere, kí ó má fi àdúrà obìnrin Hébérù fa ẹsẹ̀ títí yóò fi pẹ́ jù.

Bàbá Àwáwù: Ẹ ṣeun gidigidi. Ṣé wọn yóò fún mi ní àkọsílẹ̀ náà bí mo bá lọ lọ́jọ́ Ajé?

Agbẹ̀bí, Ọ̀fà: Kí ìyàwó yín fúnra wọn lọ, kí wọ́n sì mú káàdì àtijọ́ dání.