Aláìsàn ọpọlọ tó ń díbọ́n àlàáfíà níwájú dókítà kóòtù: ẹ sọ èyí tójú yín rí

Dókítà ọpọlọ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ń díbọ́n wèrè nítorí ẹ̀wọ̀n ni gbogbo èèyàn ń sọ. Èyí tó ń já èmi láyà ni ẹni tí àìsàn ń bá jà lóòótọ́, tó dì í mọ́nú. Ọkùnrin kan tí kóòtù ní kí n yẹ̀ wò dáhùn gbogbo ìbéèrè mi geere: ó mọ ọjọ́, ó mọ ẹ̀sùn, ó mọ iṣẹ́ adájọ́. Àfi tí mo bá dárúkọ àbúrò rẹ̀ tó ṣá lọ́gbẹ́. "Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀." Mi ò já a níyàn, mo jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ṣèèṣì pe àbúrò náà ní "ẹni tó gbé ojú rẹ̀ wọ̀". Lẹ́tà tó ti kọ sí ilé ṣáájú ló tú gbogbo rẹ̀ síta: ó gbà pé wọ́n ti fi ẹlòmíì pààrọ̀ àbúrò òun. Joseph Capgras, dókítà ilẹ̀ Faransé, ti kọ nípa irú èyí ní 1923.

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù: Dókítà, ẹ̀yin ń rí i fún wákàtí díẹ̀, àwa la jọ ń sùn tá a jọ ń jí. Èyí tó ní ara òun dá ṣáṣá ló ń fi aṣọ dí ihò ẹnu ọ̀nà lóru, tó ń fi oògùn há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka àkọsílẹ̀ alẹ́ wa!

Onímọ̀ ìhùwàsí: Ìdánwò MMPI, ìyẹn ìwé ìbéèrè tá a fi ń yẹ ìwà àti ọpọlọ èèyàn wò, ní òṣùwọ̀n L àti K tó ń fi ẹni tó ń kun ara rẹ̀ lọ́dà hàn. Àmọ́ ẹ má fi dájọ́ àìsàn. Máàkì òbí tó ń du ọmọ ní kóòtù náà máa ń ga níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n aláìsàn: Àbúrò mi sọ fún mi pé ẹ̀wọ̀n lójọ́ tó máa parí, ilé ìwòsàn ò ní. Ó tún ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n pe òun ní wèrè láé.

Dókítà ọpọlọ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àmúmọ́ra. Ted Kaczynski, ọkùnrin tó ń fi bọ́ǹbù ránṣẹ́ sáwọn èèyàn, náà kọ̀ ọ́ ní Amẹ́ríkà, kò fẹ́ kí àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ pé ọpọlọ rẹ̀ dàrú. Ó gbà pé òun jẹ̀bi ní 1998.

Onímọ̀ ìhùwàsí: Tó bá wá jẹ́ pé ìfura nìkan lẹ ní ńkọ́?

Dókítà ọpọlọ: Mo máa ń kọ ohun tí mo rí àti ìbéèrè tí ẹni náà yẹ̀ sílẹ̀, màá sì ní kí kóòtù fún wa láyè láti máa wò ó sí i ní wọ́ọ̀dù. Àwọn agbẹjọ́rò kì í fẹ́ràn rẹ̀.