Dírọ́ọ̀mù kébù: ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú jíjù ú sórí táyà

Ẹ̀yin ọ̀gá, táyà ògbólógbòó tí wọ́n máa ń tò sílẹ̀ kí wọ́n tó yí dírọ́ọ̀mù (àgbá pákó tí wọ́n ká kébù, ìyẹn wáyà iná ńlá, mọ́) bọ́ láti orí tírélà yẹn, iṣẹ́ burúkú ni. Kébù bàbà 4×185 (wáyà mẹ́rin nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó 185 mm²) tó ní irin lára, mítà kan rẹ̀ kò dín ní kílò 8. 500 mítà ti tó tọ́ọ̀nù 4, ká má tíì ka pákó. Táyà á ta á padà, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó máa gbà. Bí kò bá pa èèyàn, etí pákó (pákó róbótó tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀) á fọ́, ìṣó á gún kébù, ìgbà tẹ́ ẹ bá fún un níná lẹ ó tó mọ̀.

Kíréènì ni kó gbé e. Ẹ ti ọ̀pá irin bọ ihò àárín, kó yọ síta lọ́tùn-ún lósì. Ẹ fi irin gbọọrọ la okùn méjèèjì síra lókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ okùn á fún etí pákó títí á fi ya. Wọ́n kọ ìwúwo rẹ̀ sára pákó. Ẹ kà á kẹ́ ẹ tó pe kíréènì.

—

Òótọ́ ni, ọ̀gá. Ní ti fọ́kílífùtù (ọkọ̀ tó ń fi irin méjì bí ìka gbé ẹrù), kí ìka rẹ̀ gùn débi tí yóò gbé etí méjèèjì. Èyí tó bá kúrú, kébù gan-an ló máa gún. Ẹ má sì dá dírọ́ọ̀mù dùbúlẹ̀ sórí etí kan láé: kébù á yọ̀ bọ́ sórí ara wọn, tó bá dọjọ́ fífà, á ta kókó.

—

Ẹ ò tíì dárúkọ ọfà. Ibi tí ọfà ara pákó kọjú sí la ń yí i sí, kí kébù lè máa le mọ́ra. Ẹ yí i sódì, á tú. Ọ̀nà díẹ̀ náà ni o, kẹ́nikẹ́ni má sì dúró níwájú rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá ń tò wọ́n, kí etí kojú etí, kí etí ọ̀kan má baà wọnú kébù èkejì. Igi onígun lẹ ó fi há etí méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn. Òkúta ń yẹ̀. Ilẹ̀ líle tí omi kì í dúró sí ló dára, kẹ́ ẹ sì tẹ́ pákó tí wọ́n ti kùn lóògùn sábẹ́ rẹ̀, torí ikán.

—

Àfikún kan: bẹ́ ẹ bá gé lára kébù, ẹ fi rọ́bà tó máa ń sún kì bí iná bá rà á dé ojú ibi tẹ́ ẹ gé lọ́jọ́ náà. Ọ̀rá àti téèpù kò tó. Omi ń gba àárín irun bàbà rìn wọlé jìnnà.