Ọmọ tó ní autism, láti Súrùlérè sí England: ìwé tí ẹ máa kó dání àti lẹ́tà tí ẹ máa kọ

Ìyá Ire, Súrùlérè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa lókè òkun. Físà wa ti jáde. Ọkọ mi ló rí iṣẹ́ ní England, a sì fẹ́ débẹ̀ kí sáà ilé-ìwé tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 6 ni ọmọkùnrin wa, ó ní autism (bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń gba nǹkan yàtọ̀ sí ti ọmọ mìíràn), ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn kan ní kí n má sọ fún ilé-ìwé, kí wọ́n má baà kọ̀ ọ́. Àwọn kan tún ní láìsí ìwé dókítà òyìnbó, kò sí ìrànlọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n gbà gbọ́?

Màmá Tèmi, ọmọ Múṣin ní England: Ìyá Ire, ẹ kú oríire. Ẹ má gba ìkankan gbọ́ nínú méjèèjì. Ẹni tó ní kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ ń fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tí ẹ máa fi wá ààyè ilé-ìwé lọ́dọ̀ council, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn níbí. Ilé-ìwé ìjọba tí ààyè bá wà níbẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti torí autism kọ ọmọ.

Gbogbo ilé-ìwé ìjọba ló ní olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní SENCO. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ àkànṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni kí ẹ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìrànlọ́wọ́ inú kíláàsì kò dúró de ìwé dókítà rárá, ohun tí ọmọ nílò ni wọ́n ń wò. Ìlà àyẹ̀wò NHS, ètò ìwòsàn ìjọba, lè gùn ju ọdún kan lọ, nítorí náà ẹ to ìlà yẹn o, ṣùgbọ́n kí ẹ má jókòó dè é.

Tí ti inú kíláàsì kò bá tó, EHCP ló kàn, ìyẹn ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ ọmọ tí council ń ṣe, tí òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin 2014 ló gbé e kalẹ̀, ó sì lè bá ọmọ lọ títí dé ọdún 25. Òbí lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí council pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ọmọ òun, kò di dandan kí ilé-ìwé bá yín kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní láti fi dáhùn bóyá wọ́n á ṣe é tàbí wọn ò ní ṣe é. Tí wọ́n bá gbà, gbogbo ètò náà kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ 20 láti ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé. Council púpọ̀ ló ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní déètì. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ lè pẹjọ́ sí tribunal, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, kí oṣù 2 tó pé sí ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà wọn. Àwọn òbí tó bá dé iwájú adájọ́, púpọ̀ jù lọ wọn ló ń borí. Àpẹẹrẹ lẹ́tà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì IPSEA, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ran irú òbí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo council ló sì ní SENDIASS, tó ń gba òbí nímọ̀ràn láìgba kọ́bọ̀.

Wàyí o, Èkó níbẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà báyìí. Ẹ gba ìwé níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ, ì báà ṣe LUTH ní Ìdí-Àràbà, ì báà ṣe ẹ̀ka àwọn ọmọdé ti ilé ìwòsàn Yábàá tó wà ní Òṣòdì. Kí orúkọ ilé ìwòsàn wà lórí rẹ̀, kí dókítà buwọ́ lù ú, kí déètì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, kí òun náà kọ tiẹ̀. Ẹ wá bẹ olùkọ́ rẹ̀ kó kọ ojú ìwé kan. Kó má wulẹ̀ kọ pé ọmọ dáadáa ni. Kó kọ pé bí aago ilé-ìwé bá ti dún, ọmọ á di etí méjèèjì, á wọ abẹ́ tábìlì. Pé ó lè ka nọ́ńbà dé 100, àmọ́ kò lè sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Pé àfi kí ẹnì kan jókòó tì í kó tó parí iṣẹ́. Irú gbólóhùn yẹn ni council ń wá.

Ohun méjì wà tí wọ́n máa ń ṣì mú nípa àwọn ọmọ wa. Tí wọ́n bá rí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé tí kì í sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kí a ní sùúrù kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ná. Ẹ tètè sọ fún wọn pé Yorùbá tí ẹ fi tọ́ ọ gan-an, kò tíì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n tún máa ń ṣọ́ bóyá ọmọ ń wo èèyàn lójú. Ọmọ tí a ti kọ́ pé kó má ranjú mọ́ àgbà ńkọ́? Ẹ ya ẹ̀kọ́ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára autism fún wọn, ẹ̀yin lẹ mọ ìyàtọ̀.

Ọmọ tèmi kò bẹ̀rù jẹnẹrétọ̀ rí ní Múṣin. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sọ́wọ́ nínú ilé ìtọ̀ ilé-ìwé ló ń lé e sá. Á di ìtọ̀ mọ́ra títí wọ́n á fi jáde, á wá tọ̀ sára lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo sọ fún SENCO, wọ́n ní kó máa lo ilé ìtọ̀ míì tí kò ní ẹ̀rọ yẹn, wọ́n lẹ àwòrán omi, ọṣẹ àti tówẹ̀lì mọ́ ògiri níbẹ̀. Bó ṣe tán nìyẹn. Torí náà, gbogbo ohun tó ń dẹ́rù bà á àti ohun tó ń tù ú lára, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó wọ bàlúù.

Bàbá Ìbejì, Manchester: Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi ti físà kún un. Tí “no recourse to public funds” bá wà lórí tiyín, ìyẹn ni pé ẹ kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ilé-ìwé ìjọba àti EHCP kò sí lára ohun tó kà léèwọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. DLA ló wà lára rẹ̀, ìyẹn owó tí ìjọba ń san nítorí ọmọ tó ní àìlera. Àwọn èèyàn á ní kí ẹ lọ gbà á. Ẹ má sún mọ́ ọn, ó lè kó bá físà gbogbo ilé. England nìkan sì ni gbogbo èyí tí Màmá sọ, Scotland àti Wales ní òfin tiwọn.

Ìyá Ire: Ọlọ́run á bù kún yín. Ilé-ìwé rẹ̀ níbí ní kí a dá Yorùbá dúró nílé, pé èdè méjì ló ń dà á láàmú.

Màmá Tèmi: Ẹ má dá a dúró o. Àwọn tó ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ kò rí i pé èdè méjì ń fa ọmọ tó ní autism sẹ́yìn. Tí ìyá àgbà bá pè é láti Súrùlérè, èdè wo ni wọ́n á fi kì í? Ẹ máa fi èyí tó yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu bá a sọ̀rọ̀.

Council wo ni iṣẹ́ ọkọ yín bọ́ sí? Ẹ má tíì sanwó ilé. Àwọn ilé-ìwé kan ní ẹ̀ka tí wọ́n dìídì yà sọ́tọ̀ fún ọmọ tó ní autism, kì í ṣe ibi gbogbo ló wà. Ẹ wá “Local Offer” council yẹn, àkójọ ìrànlọ́wọ́ tó wà ládùúgbò fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ ní in, ẹ ó rí i níbẹ̀.

Ìyá Ire: Leeds ni. Mò ń wò ó lọ báyìí, lọ́jọ́ Ajé ni mo sì ń lọ sí Ìdí-Àràbà fún ìwé dókítà.